Ọ̀nà wo ló yẹ owó wo? Ìfiwéra fún tíṣà òkè òkun tó ń fowó ránṣẹ́ sí Òṣogbo, tó sì fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí mo fi owó páànù ránṣẹ́ sí Màmá, òjò ń rọ̀ ní Òṣogbo. Wọ́n gun ọ̀kadà láti Òkè-Báálẹ̀, wọ́n wé nọ́ńbà tí mo kà fún wọn lórí fóònù sínú ọ̀rá kí omi má baà pa á rẹ́, wọ́n sì tò ní báńkì fún bíi wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tó kàn wọ́n, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wo káàdì ìdìbò wọn, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo káàdì.

"Orúkọ yìí ò bára mu, Mà. Mojisola ló wà níbí. Ti káàdì yín ní 'h' nínú, Mojishola ni."

"Ṣé èmi kọ́ nìyẹn ni, ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin ni, Mà. Kọ̀ǹpútà ni ò mọ̀ yín."

Wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo. Èmi wà nínú kíláàsì ní England, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún méjìlá bí a ṣe ń pín ìdá, fóònù ń gbọ̀n nínú dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà wá kí wọ́n tó tún lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ṣe. Káfíńtà ti gba iṣẹ́ míì lọ sí Ìkìrun. Ẹ̀bi mi ni. Bí a ṣe ń pe Màmá nílé ni mo ṣe kọ ọ́, n ò béèrè bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí káàdì.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bi mí pé iléeṣẹ́ wo ló dáa jù láti fi fowó ránṣẹ́, màá kọ́kọ́ bi í pé owó kí ni. Owó oúnjẹ oṣù ní ọ̀nà tirẹ̀, owó ilé kíkọ́ ní tirẹ̀. Èyí tó ń ṣini lọ́nà jù ni owó tí ẹ bá gbà nígbà tí ẹ bá ń fiṣẹ́ sílẹ̀, torí pé ọjọ́ tí ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́ ni àwọn ọ̀nà kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ti mọ́ yín lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ síbí.

Mo kọ́ ìṣirò ní England láti oṣù Kẹsàn-án 2023 títí di oṣù Kẹjọ 2025. Oṣù Kejì 2023 ni wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwa tíṣà láti Nàìjíríà tó ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè pé ká lè fi ìwé-ẹ̀rí tiwa béèrè fún QTS, ìyẹn ìdánimọ̀ tíṣà tó kúnjú ìwọ̀n ní England. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Abu Dhabi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Èmi ti wà nílé ní Òṣogbo.

Áàpù tàbí káńtà?

Áàpù ni LemFi, Sendwave, Remitly, TapTap Send àti àwọn ẹgbẹ́ wọn: ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, owó bọ́ sínú àkáǹtì náírà ẹni tó wà nílé, nígbà míì kí ẹ tó fi fóònù sílẹ̀. Ti káńtà ni Western Union, MoneyGram àti Ria: ẹ gba nọ́ńbà, ẹni tó wà nílé á mú nọ́ńbà náà àti káàdì ìdánimọ̀ lọ sí báńkì. Nọ́ńbà Western Union jẹ́ mẹ́wàá, ti MoneyGram jẹ́ mẹ́jọ. Bí Màmá bá ka mẹ́sàn-án fún yín lórí fóònù, ẹ tètè mọ̀ pé ọ̀kan ti bọ́.

Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gba ti káńtà mọ́. Ibi kan ṣoṣo tó ti wúlò ni bí ẹni tó fẹ́ gbowó kò bá ní àkáǹtì tó dúró dáadáa. Èyí sì pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní òpin 2023 ni CBN pàṣẹ pé àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN, wọ́n á dí i. Láti 2024 ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Òkè-Fìà ti rí i pé owó ń wọlé sí àkáǹtì wọn ṣùgbọ́n kò ṣeé yọ. Kí ẹ tó fi owó gidi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ẹ ò tíì lò rí, ẹ fi ₦5,000 dán an wò, kí ẹ sì ní kí ẹni náà lọ yọ ọ́ lọ́dọ̀ oní-POS. Pé alẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù kò tíì tó. Ìgbà tó bá ka owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀nà ti ṣí.

Nínú àwọn áàpù fúnra wọn, ẹ má wo "a kì í gba owó iṣẹ́" tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sójú ìwé. Ẹ wo iye náírà tó máa balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ́, iṣẹ́ mi ṣáà ni. Ká sọ pé áàpù àkọ́kọ́ ò gba kọ́bọ̀, ó ń ṣẹ́ pọ́n-ùn kan ní ₦2,000. Èkejì ń gba £2, ó ń ṣẹ́ ẹ ní ₦2,040. Bí ẹ bá fi £200 ránṣẹ́, àkọ́kọ́ á gbé ₦400,000 délé, èkejì á gbé ₦403,920. Owó ata nìyẹn, ẹ lo èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ wá fi £3,000 ránṣẹ́: ₦6,000,000 sí ₦6,115,920. Ìyẹn ni pé ₦115,920 ti ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹni tó ní òun ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Réètì ni wọ́n fi ń jẹun. Nítorí náà, fún owó oúnjẹ, mo máa ń wo ìrọ̀rùn. Fún owó tó bá ti ju £1,000 lọ, mo máa ń ṣí áàpù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, màá tẹ iye kan náà sínú gbogbo wọn, màá sì wo ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan.

Ohun kan tún wà. Owó tó bá jókòó sínú áàpù kò ní ààbò tí owó inú báńkì England ní bí iléeṣẹ́ náà bá dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀nà ni áàpù, kì í ṣe kóló. Ẹ má fi owó oṣù mẹ́ta sínú rẹ̀ pé ẹ ń dúró de réètì.

Báńkì sí báńkì, tàbí ọwọ́ sí ọwọ́?

Ti báńkì sí báńkì, ìyẹn SWIFT, máa ń falẹ̀, ó sì máa ń wọ́n. Ó lè gba ọjọ́ méjì sí márùn-ún, báńkì tó wà láàárín ọ̀nà náà á sì bù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín ta ni yóò san owó iṣẹ́, OUR, ìyẹn pé ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo rẹ̀, ni kí ẹ yàn bí ẹ bá fẹ́ kí owó náà dé pérépéré. Bí ẹ bá yan SHA, ẹ jọ máa pín in ni, ẹni tó wà nílé á sì máa bi yín pé kí ló dé tí owó ò pé. Ìdí tí mo ṣì fi ń yìn ín ni pé owó náà lè dé ní pọ́n-ùn tàbí dọ́là sínú àkáǹtì dọ̀mù, kó dúró síbẹ̀ láì di náírà títí ẹ ó fi nílò rẹ̀. Áàpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Ní 2020 CBN ní dọ́là ni kí wọ́n máa san fún ẹni tí wọ́n bá fowó ránṣẹ́ sí. Ní 2023 wọ́n tún gba náírà láàyè. Ní báyìí náírà ló ń balẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì dọ̀mù náà nígbà tí ẹ bá wá sílé fún ìsinmi, torí pé ọ̀pọ̀ báńkì ṣì máa ń béèrè oníduró méjì tí wọ́n ní àkáǹtì kọ́ráǹtì. Èmi rìn láti Aláékúwọdò dé ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán kí n tó rí ẹni kejì.

Ọwọ́ sí ọwọ́ ni èyí tí gbogbo wa mọ̀ tí a kì í sọ sókè. Ẹ san pọ́n-ùn sí àkáǹtì ẹnì kan ní London, ẹnì kejì rẹ̀ san náírà fún Màmá ní Òṣogbo. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2023, mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ṣe é: dọ́là tí ìjọba ń pè ní nǹkan bíi ₦460, ó ti kọjá ₦700 níta. Láti ìgbà tí CBN ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, àlàfo náà ti fún gan-an. Èrè ti kéré, ewu ṣì wà bó ṣe wà. Ní England, ẹni tó bá ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀ ń rú òfin, ẹ ò sì mọ ibi tí náírà tó wọ àkáǹtì Màmá ti wá. Ní oṣù Kẹrin 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja fún EFCC láṣẹ láti ti àkáǹtì 1,146 pa lórí ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ́ owó lọ́nà àìtọ́. Ẹ fojú inú wò ó kí àkáǹtì ìyá yín wà nínú wọn. Ìyá yín ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní réètì rárá.

Gbígbé owó lọ́wọ́ wọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ó dára fún owó díẹ̀. Bó bá ti tó £10,000 ẹ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní England, ẹ ó sì kéde rẹ̀ nílé bó bá ju $10,000 lọ. Ní ọ̀dọ̀ àbúrò mi, 60,000 dírámù ni ààlà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ọ̀nà Ìbàdàn sí Òṣogbo lálẹ́, mi ò sì ní bá yín sọ ìyẹn.

England tàbí Abu Dhabi: bí wọ́n ṣe ń fiṣẹ́ sílẹ̀

Ní England, ilé-ìwé ìjọba ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún tí tíṣà lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé kí oṣù Kẹwàá tó parí, ẹ ó lọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ẹ kọ ọ́ kí oṣù Kejì tó parí, ẹ ó lọ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Ẹ kọ ọ́ ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, ẹ ó lọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá gbé ìwé tirẹ̀ dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, oṣù Kejìlá ló ń wò, àfi bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ṣàánú rẹ̀. Àwọn ilé-ìwé aládàáni ní òfin tiwọn, ẹ ka ohun tí ẹ tọwọ́ bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń yan oṣù Kẹjọ, torí pé ilé-ìwé máa ń ti ní òpin oṣù Keje tí owó oṣù Kẹjọ ṣì máa wọlé. Mo wà létí odò Ọ̀ṣun lọ́jọ́ ọdún, láàárín ariwo ìlù àti ìyẹ̀fun, mo sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba England síbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi.

Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá yàn lè yí owó ìfẹ̀yìntì yín padà, èyí ni kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Tíṣà tí kò bá tíì pé ọdún méjì nínú ètò ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ lè gba owó tí wọ́n yọ lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Bó bá ti pé ọdún méjì, owó ti há síbẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Ẹ wo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án lórí £30,000 lọ́dún, tí wọ́n ń yọ ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá lọ ní òpin oṣù Kẹrin ọdún kejì, ó ti ṣe oṣù 20, wọ́n ti yọ £3,700. Wọ́n á gba owó orí ìdá 20 nínú rẹ̀, £2,960 á bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dúró di òpin oṣù Kẹjọ, kò ní gba kọ́bọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi ṣiṣẹ́ ti so ìdá kan nínú 57 owó oṣù ọdún náà mọ́ ọn lọ́rùn: £526 lọ́nà méjì, nǹkan bíi £1,052 lọ́dọọdún tó bá di arúgbó, láìka àfikún tí wọ́n ń ṣe sí i nítorí ọ̀wọ́n gógó.

Èwo ni mo fara mọ́? Bí gbèsè kan bá wà lọ́rùn yín nílé tó ń ga lójoojúmọ́, ẹ gba £2,960 kí ẹ máa lọ. Bí kò bá sí, ẹ dúró. Ẹni tó bá gba tirẹ̀ padà, èyí tí ilé-ìwé fi kún un ti lọ. £1,052 lọ́dọọdún títí ọjọ́ ikú kì í ṣe owó tí arúgbó kan ní Òṣogbo máa yíjú kúrò lára rẹ̀. Èmi dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọ̀ ló kọ́kọ́ mú kí n dúró.

Ti físà, bí ilé-ìwé ló gbà yín wọlé, wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti sọ fún ìjọba pé ẹ ti lọ. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà á dé, tó sábà máa ń fún yín ní ọjọ́ 60. Ẹni tó ń bọ̀ nílé, ìyẹn ò kàn án. Ẹni tó fẹ́ lọ sí ilé-ìwé míì, kí ó ti ní CoS tuntun, ìwé tí ilé-ìwé fi ń gbani wọlé láti òkè òkun, lọ́wọ́ kó tó tọwọ́ bọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dá owó kan padà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa: owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ lórí òṣìṣẹ́ láti òkè òkun, òfin ò gbà pé kí wọ́n gbé e lé òṣìṣẹ́ lórí.

Abu Dhabi yàtọ̀ pátápátá. Kò sí owó orí lórí owó oṣù, kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún àlejò bíi tiwa, gírátúítì ló wà, ìyẹn owó ìdágbére tí agbanisíṣẹ́ ń san nígbà tí ẹ bá ń lọ. Òfin iṣẹ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 2022 sọ pé ẹni tó bá ti pé ọdún kan máa gba owó ọjọ́ 21 lórí ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Láti ọdún kẹfà ó di ọjọ́ 30. Ibi tí àbúrò mi ti ṣì í rèé. Owó tó ń wọlé fún un lóṣooṣù jẹ́ 10,000 dírámù, ó sì ti fi ìyẹn ṣírò: ọdún mẹ́ta, 21,000. Mo ní kó mú ìwé àdéhùn rẹ̀ wá. Owó oṣù gan-an tó wà níbẹ̀ jẹ́ 6,000. Owó ilé àti owó ọkọ̀ ló kó ìyókù, gírátúítì ò sì mọ̀ wọ́n. 6,000 tí a pín sí ọ̀nà 30, 200 lójúmọ́. Lọ́nà 21, 4,200 lọ́dún. Ọdún mẹ́ta, 12,600. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Ó ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀.

Ìfilọ̀ ibẹ̀ wà láàárín ọjọ́ 30 sí 90, bí àdéhùn bá ṣe wí. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ san gbogbo ẹ̀tọ́ láàárín ọjọ́ 14 tí àdéhùn bá ti parí. Ẹ ṣírò ọjọ́ 14 yẹn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Dírámù ní àǹfààní kan tí pọ́n-ùn ò ní: ojú kan náà ló dúró sí dọ́là láti 1997, 3.6725, nítorí náà náírà nìkan lẹ máa ṣọ́.

Fún ẹni tó bá wà ní Ṣáínà, gbólóhùn kan: ẹ tọ́jú ìwé owó orí yín, torí pé láìsí i, iye tó tó $500 lóòjọ́ ni báńkì máa ṣẹ́ fún yín, ẹ ó sì lo oṣù kan níwájú káńtà.

Iṣẹ́ kẹta tún wà tí àwọn kan gbàgbé láti fi sílẹ̀, èyí tó wà nílé. Mo mọ àwọn tó wọkọ̀ òfuurufú láìkọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tí owó oṣù sì ń wọlé. Ní oṣù Kẹfà 2024, Ààrẹ Tinubu ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣe irú ẹ̀ dá owó náà padà. Ẹ kọ̀wé.

Ohun tí ẹ ó ṣe kí ọ̀nà tó ti

Bí owó bá ti pọ̀, áàpù á béèrè ibi tí ẹ ti rí i, ìwé owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń fẹ́ rí. Ọjọ́ tí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ìwé owó oṣù ti tán. Nítorí náà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé ààlà yín ga nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì ní nǹkan tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́. Èkejì, olùgbé England ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ẹ bá ti dé Òṣogbo tán, ẹ ò sí lára wọn mọ́. Ẹ fi owó ńlá ránṣẹ́ kí ẹ tó wọkọ̀. Ilé ìṣẹ́wó ní Abu Dhabi á béèrè Emirates ID, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ ibẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fagi lé físà yín kí gírátúítì tó wọlé. Ẹni tó bá jẹ báńkì lówó níbẹ̀, kó kọ́kọ́ san án. Báńkì lè di owó ìkẹyìn yẹn mú.

Ẹ má ti àkáǹtì England pa. Owó orí tí wọ́n bá gbà jù lọ́wọ́ yín máa padà bọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi P85 (fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń sọ fún àwọn agbowó-orí pé ẹ ti kúrò) ránṣẹ́ pẹ̀lú P45 yín (ìwé owó orí tí ilé-ìwé ń fún ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀), ó sì gbọ́dọ̀ ríbi wọ̀. Ẹ tún pa síìmù ibẹ̀ mọ́, torí pé orí rẹ̀ ni báńkì ń fi nọ́ńbà ìwọlé ránṣẹ́ sí. Èmi fi tèmi sínú fóònù kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, mo ń fi pọ́n-ùn díẹ̀ sí i kó má baà kú.

Bí ẹ bá gbé owó ìkẹyìn náà wálé, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ síbì kan. Bí báńkì bá wó, NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó oníbàárà, á san tó ₦5 mílíọ̀nù fún owó tó wà nínú báńkì ńlá, ₦2 mílíọ̀nù péré nínú báńkì kéékèèké, ìyẹn máíkírófínáǹsì.

Àbúrò mi kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun ti sún ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ síwájú di ìparí ọdún ẹ̀kọ́, òun sì fẹ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sílé fún Màmá lóṣù yìí. Mo fi nọ́ńbà àkáǹtì Màmá ránṣẹ́ sí i, ó pé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo sì kọ orúkọ wọn sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú 'h' rẹ̀.